Màmá ń bẹ̀rù àgọ́ létí odò Mara: ṣé kí a lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fẹ́ fi ìrìn àjò sàfárì ṣe màmá wa lóore, èmi ni màá sì tẹ̀ lé wọn lọ. Ibùdó àgọ́ olówó ńlá kan létí odò Mara ní Kẹ́ńyà ló ń wò, oorun mẹ́rin, nínú oṣù kẹjọ. Màmá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé inú aṣọ la máa sùn, tí kìnìún àti erinmi á sì máa rìn kiri níta lóru, wọ́n ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Èmi náà ń rò ó pé kí ló wà lára àgọ́ tí owó rẹ̀ fi ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Ṣé kí a lọ ni, àbí kí àbúrò mi fi díẹ̀ nínú owó náà gbé wa lọ Ìkògòsì, kí a fi ìyókù tún ilé ṣe?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ bá mi kí màmá dáadáa. Iṣẹ́ mi ní Adó níbí ni pé kí n máa ṣètò irú ìrìn àjò yìí fún àwọn èèyàn wa, mo sì ti sùn létí odò náà fúnra mi, nítorí náà mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn kí n tó dáhùn: ẹ lọ, kí ẹ sì mú màmá lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibùdó tó wà létí odò Mara ló yẹ wọ́n. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yẹn, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ sanwó irú ibi bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń béèrè.

Orúnkún tí ẹ rò pé ó máa dí ìrìn àjò náà lọ́wọ́ gan-an ló jẹ́ kí n fara mọ́ ẹ̀bá odò ju àárín pápá lọ. Ní àárín pápá, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹran gbọ́dọ̀ gun ọkọ̀ jáde, kí ó máa gbọ̀n jìgìjìgì kiri fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin. Létí odò, ẹran ló ń wá omi wá. Màmá lè jókòó sórí àga níwájú àgọ́ wọn, kí erinmi máa fẹ́ omi jáde ní imú nísàlẹ̀, kí erin àti ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì wá mumi, kí ẹyẹ idì apẹja máa ké lókè igi, kí ọ̀nì na gbalaja sórí iyanrìn bí ẹni pé ó ti kú. Odò Mara ti orí òkè Mau ṣàn wá, ó la inú Maasai Mara, ibi ìpamọ́ ẹran igbó ní Kẹ́ńyà, kọjá, ó wọ Serengeti, ìpamọ́ ẹran ní Tànsáníà, kí ó tó já sínú adágún Victoria. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 kìlómítà. Bí ẹ̀rùn bá mú tí àwọn odò kéékèèké gbẹ, òun nìkan ló máa ń ṣàn títí ọdún á fi yí po ní gbogbo àgbègbè yẹn. Ohun tó ń sọ ẹ̀bá rẹ̀ di ọjà ẹran nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe sọ pé kí ẹ mú màmá lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàpèjúwe àgọ́ náà fún wọn, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kánópì òde ìnáwó ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi pákó tẹ́ ilẹ̀ kan tó ga sókè díẹ̀ kúrò lórí erùpẹ̀. Orí pákó yìí ni wọ́n ń gbé àgọ́ lé, òpó irin tàbí ti igi gbà á mú, aṣọ rẹ̀ nípọn débi pé òjò kì í wọ̀ ọ́, òrùlé mìíràn sì tún wà lókè rẹ̀ tó ń gba oòrùn sára. Bẹ́ẹ̀dì gidi ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì, tábìlì, iná sólà. Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀nà balùwẹ̀ wà: ilé ìgbẹ́ tí a ń fi omi ṣàn, ibi ìfọwọ́, ṣáwà. Ní àwọn ibùdó kan, omi gbígbóná ń ti inú páìpù wá. Ní àwọn mìíràn, ẹ̀yin lẹ máa sọ àkókò tí ẹ fẹ́ wẹ̀, òṣìṣẹ́ kan á gbé omi gbígbóná wá, á rọ ọ́ sínú báàgì tí wọ́n so kọ́ lẹ́yìn àgọ́, á ké sí yín pé ó ti yá, ẹ̀yin á fa okùn nínú. Ọ̀nà kejì yìí ni èmi fẹ́ràn jù, nítorí ó ń fi omi pamọ́, omi náà sì máa ń gbóná dáadáa. Nẹ́ẹ̀tì ni ojú fèrèsé, síìpù sì ni ilẹ̀kùn.

Síìpù yẹn gba àfiyèsí o. Àwọn ọ̀bọ tó ń gbé ẹ̀bá odò ti kọ́ bí a ṣe ń ṣí i. Wọ́n á fi ìka fa á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí wọn á fi wọlé, kí ẹ tó padà dé wọ́n á ti tú báàgì ká. Ìdí nìyẹn tí ibùdó fi máa ń fún yín ní ìkọ́ tàbí okùn kékeré tí ẹ ó fi so orí síìpù méjèèjì pọ̀ bí ẹ bá ń jáde. Ohun tí wọ́n ń wá ni oúnjẹ, ohun kan náà ló sì lè fa ẹran tó tóbi ju ọ̀bọ lọ. Ẹ bá mi bẹ màmá: kò gbọ̀dọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbọ̀dọ̀ sí bisikíìtì, kò gbọ̀dọ̀ sí àádùn àbí kókóró lábẹ́ pílò. Ohun jíjẹ tí ẹ bá gbé dání, ẹ kó o fún ilé ìdáná kí wọ́n bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ó kan ti òru wàyí. Ọ̀pọ̀ ibùdó tó wà níbẹ̀ kò ní ọgbà yí ká, ẹran sì máa ń gba àárín àgọ́ kọjá. Mi ò ní tan màmá jẹ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran tó wà níbẹ̀ ti bá àgọ́ láyé, wọ́n sì ń wo àgọ́ tí wọ́n ti pa síìpù rẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí ohun kan tó dúró gbagidi, tí kò ní ẹnu ọ̀nà, tí kò sì kàn wọ́n. Kìnìún á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á bá ti rẹ̀ lọ. Ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí màmá mọ̀ pé igbe kìnìún lè dún dé nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ, torí náà ohùn tó rò pé ẹ̀yìn àgọ́ ló wà lè wà ní ìhà kejì òkè. Ewu ń bẹ fún ẹni tó bá ṣí síìpù lóru láti wo ohun tó ń dún, tàbí ẹni tó ní ibi ìjẹun ò jìnnà, tó wá ń dá rìn lọ.

Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sí àlejò tó gbọ́dọ̀ dá rìn, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òru wà, askari ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ ẹ̀yà Maasai tó ń gbé àgbègbè yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìta tàbí kí ẹ fi rédíò tó wà nínú àgọ́ pè wọ́n, wọ́n á wá mú yín. Ẹ wò wọ́n dáadáa bí wọ́n bá ń rìn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ẹ̀ṣọ́ kì í tan iná sí ẹsẹ̀ yín nìkan. Á dúró ná, á rọra fi iná náà gbá igbó láti ọ̀tún sí òsì, ní ìwọ̀n gíga ìbàdí èèyàn, á máa wá ojú tó ń dán padà sí i. Bí kò bá rí nǹkan, á gbé ẹsẹ̀ mélòó kan, á tún dúró. Bó bá na ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má béèrè ìdí. Ẹnikẹ́ni tí ọdẹ bá mú wọ igbó rí nílẹ̀ Èkìtì mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Màmá á tètè gbà ju ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lọ.

Bí mo bá ní kí n mú ẹran kan tí màmá lè bẹ̀rù, kìnìún kọ́ ni màá mú, erinmi ni. Inú omi ló máa ń wà lọ́sàn-án nítorí pé oòrùn ń jó o lára. Bí alẹ́ bá lẹ́, á jáde wá jẹko, ó sì lè jẹ nǹkan bí 40 kìlógíráàmù koríko lóru ọjọ́ kan. Koríko àyíká àgọ́ kúrú, ó sì tutù, èyí tó fẹ́ràn nìyẹn, nítorí náà ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri aṣọ yín tí ó ń fa koríko tu, fàà, fàà, fún wákàtí gbọọrọ. Jíjẹun ló ń jẹun. Ẹ fi sílẹ̀. Akọ rẹ̀ tó ti dàgbà lè ju 1,500 kìlógíráàmù lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sá a tán. Ohun tí kì í dárí jì ni pé kí èèyàn wà láàárín òun àti omi. Bí ẹ̀rù bá bà á, ọ̀nà tó gbà jáde ló máa gbà padà ní eré, ohunkóhun tó bá sì wà lójú ọ̀nà yẹn ti wọ gbèsè. Ibùdó tó mọṣẹ́ ń wo ojú ọ̀nà erinmi kí wọ́n tó tẹ́ àgọ́ kankan, wọn kì í sì í la ọ̀nà àlejò gba orí rẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án pàápàá, ẹ má sún mọ́ etí bèbè. Bèbè odò Mara ga, omi ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, orí rẹ̀ lè ya lulẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró láti ya fọ́tò. Àwọn ọ̀nì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà, nítorí ẹran tó ń gba inú omi kọjá lọ́dọọdún ń bọ́ wọn yó.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta irú ìrìn àjò yìí kì í fẹ́ sọ ni ti omíyalé. Ní ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2024, òjò rọ̀ gan-an ní Kẹ́ńyà, odò Talek tó ń ṣàn wọ Mara kún àkúnya lóru, ó bo ọ̀pọ̀ ibùdó mọ́lẹ̀. Hẹlikópítà ni wọ́n fi kó àwọn àlejò kan jáde. Ìgbà òjò ńlá ni, oṣù kẹjọ tí ẹ fẹ́ lọ sì jìnnà sí i, àmọ́ ó fi hàn yín pé àgọ́ tó sún mọ́ omi jù lè dára nínú fọ́tò kó má sì dára láti sùn. Kí àbúrò yín béèrè lọ́wọ́ wọn tààrà: nígbà tí odò kún ní 2024, ibo ni omi dé ní ibùdó yín, kí lẹ sì ti yí padà látìgbà náà? Ibùdó tó bá mọ ohun tó ń ṣe á dáhùn láìṣe ojú fúrú. Èyí tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orí òkè kékeré tó ń wo odò nísàlẹ̀ ni kí ẹ wá, níbi tí bèbè ti ga tí àgọ́ sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ máa rí odò, ẹ máa gbọ́ ọ, oorun yín á sì balẹ̀.

Ó ku ti owó. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, ibùdó tó lórúkọ létí odò Mara lè gba láti nǹkan bíi dọ́là 500 dé ju 1,000 lọ lórí ẹnìkan fún oorun kan. Ó pọ̀, mi ò ní sọ pé kò pọ̀. Oúnjẹ, ìjáde nínú ọkọ̀ pẹ̀lú afinimọ̀nà, àti aṣọ fífọ̀ sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ohun tí kì í sábà sí nínú rẹ̀ ni owó ẹnubodè. Láti ọdún 2024, owó wíwọ Maasai Mara fún àgbàlagbà tó wá láti ìlú òkèèrè jẹ́ dọ́là 100 lójúmọ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kẹfà, dọ́là 200 sì ni láti oṣù keje dé oṣù kejìlá. Ẹ̀yin méjì, ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù kẹjọ: dọ́là 1,600 nìyẹn, yàtọ̀ sí ti ibùdó. Kí àbúrò yín rí i nínú ìwé ìdíyelé kí ó tó fi owó ránṣẹ́, nítorí ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pami nìyẹn.

Kí ló wá ń jẹ owó náà? Ibùdó tó ní àgọ́ mẹ́wàá péré sábà máa ń ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ju àlejò rẹ̀ lọ. Nairobi ni ọ̀pọ̀ ẹrù ti ń gba ọ̀nà gbágungbàgun wá: gáàsì, ẹja, àwọn aṣọ ìbora, bátìrì sólà. Àmọ́ ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ ni afinimọ̀nà. Ní Kẹ́ńyà, ẹgbẹ́ àwọn afinimọ̀nà sàfárì, KPSGA, ń ṣe ìdánwò fún wọn, báàjì rẹ̀ sì jẹ́ ti bàbà, ti fàdákà àti ti wúrà. Ẹ béèrè pé báàjì wo ni ẹni tó máa wa yín ní. Mo fẹ́ kí ẹ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì lásán pẹ̀lú afinimọ̀nà onífàdákà ju kí ẹ sùn níbi tí bááfù onídẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ju ìdarí ọkọ̀ lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á dúró, á tọ́ka sí ìpasẹ̀ ẹkùn nínú yanrìn, á sọ fún màmá bóyá àná ló kọjá tàbí òwúrọ̀ yìí, á sì mú yín débi tó ti ń sùn lórí igi.

Ọ̀nà kan tún wà tí owó yẹn ń gbà ṣe rere, ó sì jẹ mí lógún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpamọ́ tí ìjọba agbègbè Narok ń bójú tó, àwọn ilẹ̀ mìíràn wà tó jẹ́ ti àwọn ìdílé Maasai fúnra wọn, conservancy ni wọ́n ń pè é: Mara North, Olare Motorogi, Naboisho. Àwọn ibùdó ń san owó ilẹ̀ fún àwọn onílẹ̀ lóṣooṣù kí wọ́n má bàa fi wáyà yí i ká tàbí kí wọ́n tà á, kí ẹran igbó lè máa kọjá. Ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀, wọ́n gba ìrìn ẹsẹ̀ àti ìjáde alẹ́ tí kò sí nínú ìpamọ́. Mo máa ń rántí igbó Ìsẹ̀ níhìn-ín, níbi tí ìnàkí ṣì kù sí nílẹ̀ Èkìtì, tí àwọn agégẹdú àti oko kò jẹ́ kó simi. Bí àwọn tó ni ilẹ̀ bá ń rí owó lóṣooṣù lórí igi tó dúró, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Nítorí náà, bí ibùdó méjì bá dọ́gba lójú yín, ẹ mú èyí tó lè sọ iye ìdílé tó ń sanwó ilẹ̀ fún.

Ẹ sọ pé oṣù kẹjọ. Ó dára, torí ìgbà tí àwọn wildebeest, ẹran onírùngbọ̀n tó dà bíi màlúù, ń rọ́ wá láti Serengeti nìyẹn. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ọ̀kẹ́ àìmọye sì ń bá wọn rìn, koríko tútù ni wọ́n ń lé. Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń gba odò Mara kọjá, síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ìgbà tí wọ́n máa kọjá fún yín. Wọ́n á kóra jọ sórí bèbè títí eruku á fi bo ojú ọ̀run. Ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, á na ọrùn, á gbóòórùn omi náà, gbogbo àwọn yòókù á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láìmira. Kó tó di pé ẹ gbé awò sójú, ó ti ta kìjí, gbogbo wọn ti yí padà sínú pápá. Wákàtí mẹ́ta lè lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹyọ kan á bẹ́ sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á sì bẹ́ tẹ̀ lé e, ọ̀nì á gbéra nísàlẹ̀. Màmá ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa fún gbogbo ìdúró yẹn. Kí ẹ̀yin lọ, kí wọ́n dúró sí ibùdó. Bí àwọn ẹran náà bá yan ìsàlẹ̀ ibùdó yín láti kọjá, orí àga wọn ni wọ́n ti máa rí i.

Lórí orúnkún, ẹ sọ fún ibùdó nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé. Ẹ béèrè àgọ́ tó sún mọ́ ibi ìjẹun jù, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò pọ̀, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Ọkọ̀ sàfárì ga, kí wọ́n pèsè àpótí tí màmá máa fi gùn ún, kí màmá sì jókòó sí ìlà tó tẹ̀ lé awakọ̀, nítorí ẹ̀yìn ló máa ń gbọ̀n jù. Ẹ jáde pẹ̀lú wọn ní òwúrọ̀ fún wákàtí méjì, ó tó. Kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ilé ìgbẹ́ nínú pápá. Afinimọ̀nà á wá ibi tó mọ́, á yẹ ẹ̀yìn igbó wò, á yíjú síbòmíràn. Ẹ má gba ọ̀nà ilẹ̀ láti Nairobi, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni, ìparí rẹ̀ ò sì dára fún orúnkún. Bàálù kékeré láti Wilson, pápákọ̀ òfurufú kan ní Nairobi, ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Báàgì rírọ̀ ni wọ́n ń gbà nínú rẹ̀, kìlógíráàmù 15 sì ni ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sí i, torí náà àpótí ńlá olórí líle yín ò ní wọlé. Ẹ tún ra ìwé ààbò ìlera tó kan gbígbé aláìsàn nínú bàálù. AMREF Flying Doctors, tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti 1957, ń ta ti ìgbà kúkúrú fún àlejò, ọ̀pọ̀ ibùdó sì ti fi í kún owó wọn.

Òtútù ló máa ya màmá lẹ́nu jù. Ibẹ̀ ga ju mítà 1,500 lọ sókè òkun, òwúrọ̀ oṣù kẹjọ máa ń tutù ju ọyẹ́ tiwa lọ. Ẹ kó súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, fìlà òtútù, àti ìborùn wọn tó nípọn. Nígbà tí ẹ bá ń jẹun alẹ́, òṣìṣẹ́ á ti fi rọ́bà olómi gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, kí ohun gbígbóná rírọ̀ yẹn má bàa já àyà wọn bí ẹsẹ̀ wọn bá kàn án nínú òkùnkùn.

Lórí aṣọ, àdìrẹ aláró màmá kò gbọ̀dọ̀ wọ ọkọ̀ sàfárì. Àwọ̀ búlúù tó dúdú àti dúdú gan-an ló ń fa eṣinṣin tsetse, oró rẹ̀ sì ń dunni. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ koríko gbígbẹ, àwọ̀ ewé ló dára. Aṣọ alámì bíi ti ṣọ́jà, ẹ má gbé e dání rárá, òfin Kẹ́ńyà kọ̀ ọ́ fún aráàlú. Wọ́n tún fòfin de ọ̀rá ìfipamọ́-ẹrù láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ má di bàtà àbí ọṣẹ sínú ọ̀rá bí a ṣe ń ṣe nílé. Báàgì aṣọ ni kí ẹ lò. Ike omi tí a ń mu tán tí a ń sọnù pàápàá kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ìpamọ́ ẹran mọ́ láti 2020. Ibùdó á fún yín ní ìgò tí ẹ ó máa bu omi sí. Ohun kan tí ẹ ò ní rí nínú ìwé ìpolówó: ọ̀pọ̀ ibùdó kì í fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin, nítorí àṣà àwọn ọkùnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀. Ọṣẹ ni wọ́n á gbé sí balùwẹ̀ fún yín. Ihò iná wọn rí bí tiwa gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun kì í bá sólà ṣiṣẹ́.

Iyán ò sí o. Ugali wà, òkèlè àgbàdo ni. Ẹran sísun wà, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki wà, ìrẹsì pilau wà, kò sì ní ata tó ti wa. Ẹ sọ fún ilé ìdáná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú wọn máa ń dùn láti fi ata kún un.

Ìkògòsì tí ẹ dárúkọ, mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ò pọ̀ láyé. Àmọ́ Sátidé tó bá wù yín lẹ lè gbé màmá lọ síbẹ̀. Kẹ́ńyà gba orúnkún tó ṣì lè gun àtẹ̀gùn, ọdún kò sì dúró. Ti àtúnṣe ilé, ẹ̀yin lẹ mọ bí òrùlé ṣe ń jò sí. Bó bá ń jò, ẹ ní kí àbúrò yín dín oorun mẹ́rin kù sí mẹ́ta.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, yellow card. Kẹ́ńyà máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti Nàìjíríà wá, abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó wọ ìlú. Bí ẹ bá ti gbà á, ó wà títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá 60 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn máa ń le díẹ̀ lára àgbà tí kò gbà á rí. Ẹ mú màmá lọ, ẹ sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà, ẹ sì béèrè oògùn ibà ẹ̀fọn níbẹ̀ kan náà. Ní ti ìwọlé, Kẹ́ńyà ní ọdún 2025 mú ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Kí ẹ ṣì yẹ ojú òpó ìjọba wọn wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè yí padà.

Kí àbúrò yín wá kọ̀wé sí ibùdó náà lálẹ́ òní. Kó béèrè ibi tí omi dé ní 2024, báàjì afinimọ̀nà, bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń mú àlejò rìn lóru, iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín àgọ́ màmá àti ibi ìjẹun, àti bóyá owó ẹnubodè wà nínú iye tí wọ́n dá. Ẹ fi èsì tí wọ́n bá fún yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀, màá bá yín kà á.